Ẹ Bi Wá: Iṣẹ́ Tí Eṣúṣú Ń Ṣe Ní Wọ́ọ̀dù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àwòrán eṣúṣú tó lẹ̀ mọ́ ìka aláìsàn ní ọsibítù òyìnbó. Ṣé ìtọ́jú ni lóòótọ́? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìtọ́jú gidi ni. Láti 2004 ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fún un láṣẹ. Bí dókítà bá rán ìka tó já padà, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé nípọn, ó ṣeé rán. Èyí tó ń gbé e jáde fẹ́lẹ́, ó sì tètè ń dí. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa wọlé láìrí ọ̀nà jáde. Ìka á wú, á dúdú bí aró, bó bá pẹ́, á kú. Eṣúṣú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn kúrò títí iṣan tuntun á fi hù, bí ọjọ́ 4 sí 7.

Ohun tó ń mu kò pọ̀, mílílítà 5 sí 15. Itọ́ rẹ̀ gan-an ló níyì: hirudin inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà ojú ibi tó bù jẹ á ṣì máa sun ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Nọ́ọ̀sì á fi gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò, yí eṣúṣú ká kó má baà rìn lọ. Bí kò bá bù jẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ kán; bó bá ṣì kọ̀, kí wọ́n pe dókítà kíá, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò wọlé mọ́ rárá. Wọn kì í fà á tu. Bó bá yó, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, á bọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n á sì pa á sínú sípírítì. A kì í lò ó fún ẹlòmíì. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Aeromonas ń gbé nínú ikùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń lo oògùn apakòkòrò. Kí wọ́n sì máa yẹ PCV rẹ̀ (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ara ṣe tó) wò, torí ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eṣúṣú odò sí ara ẹnikẹ́ni: ti ọsibítù, sísìn ni wọ́n ń sìn ín.

ÌBÉÈRÈ: Bí ẹ̀rọ tá a fi ń rẹ́ igi bá gé ìka, ṣé inú yìnyín ni ká sọ ọ́ sí? (Káfíńtà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Yìnyín tó bá kan ẹran ara á bà á jẹ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi rin díẹ̀ wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ so ó pinpin, kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀rá náà sínú omi oníyìnyín. Ẹ kọ aago tí ìka já sára ọ̀rá. Báyìí, ìka lè dúró tó wákàtí 24. Láìsí òtútù, bí 12 péré.