Ajá wo ni ká mú wọlé: ọmọ ajá Jámánì tàbí ajá ìbílẹ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ là ń gbé, àgbàlá wa ò fẹ̀, ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 9 ló wà nílé. Baálé mi fẹ́ ra ọmọ ajá Jámánì (German Shepherd) kó máa ṣọ́lé. Ẹnì kan tó ń tọ́jú ajá tí wọ́n lé sígboro ní òun lè fún wa ní ajá ìbílẹ̀ kan tó ti tó ọdún 2. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé, ìyá àwọn ọmọ. Ajá ọlọ́dún 2 yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Ìwà ọmọ ajá ṣì fara sin; ti àgbà ajá ti hàn síta. Akọ ajá Jámánì máa ń tó kílò 30 sí 40, irun rẹ̀ ki, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa á ni ín lára gan-an. Bí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ nínú àgbàlá tóóró, á máa gbó ṣáá, á máa gbẹ́lẹ̀, bó bá yá, ó lè máa dojú kọ àlejò. Ajá ìbílẹ̀ ò tóbi, irun rẹ̀ kúrú, ooru ti mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbó bí àjèjì bá wọlé.

Àmọ́ ẹ má kàn fà á wálé o. Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan bọ́ sí àsìkò oúnjẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Bó bá ń jẹun, ẹ dúró lókèèrè, ẹ ju ẹran sí i. Èyí tó bá gan pa lórí àwo, tó ń kùn, kò yẹ ilé ọmọ ọdún 4, ì báà dára lójú tó báwo.

Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè. Ó yẹ kí èrìgì rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti inú ètè tiyín. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó funfun, ẹ gbé ìka kúrò: àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tó pé. Bí èrìgì bá dúdú látilẹ̀wá, ẹ wo inú ìpéǹpéjú. Bó bá funfun bí àkàsà, ó lè jẹ́ pé aràn tàbí eégbọn ti ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ tú inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni eégbọn máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ béèrè ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ má fi ẹnu lásán ṣe é. Láti oṣù 3 ni wọ́n ń gún un, wọ́n á tún un gún lẹ́yìn ọdún kan. Bí ìwé ò bá sí, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un lọ kó tó délé yín. Níbẹ̀ náà ni wọ́n á ti wọn kílò rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oògùn aràn.

Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ fún un ní kọ̀rọ̀ kan, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yí i ká. Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kó ṣì máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má baà máa yàgbẹ́ gbuuru.

Bí ajá èyíkéyìí bá gé ọmọ jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo tàbí ata sí i. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ so ó, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10.