Ọ̀sà dùn, iyọ̀ rẹ̀ kò dùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kan ní Ìkòròdú. Nígbà òjò, kò sí wàhálà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn rẹ̀ ń dípẹtà. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Iyọ̀ ni, àbúrò. Lẹ́ẹ̀rùn, omi odò tó ń wọ ọ̀sà Èkó máa ń dín kù, omi òkun á gba ibẹ̀. Bí o bá ti dé, fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ọ̀nà omi inú ẹ́ńjìnì dáadáa. Wo síńkì, irin kékeré tí wọ́n dè mọ́ ara rẹ̀: òun ni iyọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ dípò ẹ́ńjìnì. Bó bá jẹ dé ìdajì, pààrọ̀ rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún lọ́dà o! Àwọn tó fẹ́ràn kí ọkọ̀ máa dán ló ń ṣe irú ẹ̀, síńkì tí wọ́n bá sì kùn kò níṣẹ́ kankan mọ́. Tí ewé bá lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ, pa ẹ́ńjìnì kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.