Kí ló dé tí mọ́nítọ̀ ń kọ "Out of Range"?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Mo fọwọ́ ara mi to bọ́ọ̀dù FPGA kan (ṣíìpù tí èèyàn lè fi kóòdù sọ di sákíìtì tó bá wù ú) tó máa gbé àwòrán jáde sójú mọ́nítọ̀ VGA. Kílọ́ọ̀kì 50 MHz, tó ń lù nígbà mílíọ̀nù 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló wà lórí rẹ̀. Bí mo bá ti tàn án, "Out of Range" ni mọ́nítọ̀ ń kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú léèdì rẹ̀, tí mo tún un lẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, àbúrò. Gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná. Ká ní wáyà ló já ni, "No Signal" ni ì bá kọ. Mọ́nítọ̀ rẹ ń gbọ́ ọ. Eré tí ò ń sá ló pọ̀ jù fún un.

Àwòrán 640 × 480 ní àyè òfo tí ojú kì í rí. Bí a bá kà á mọ́ ọn, ìlà kọ̀ọ̀kan á gùn tó àmì 800, ìlà á sì jẹ́ 525. Bí a bá ya gbogbo rẹ̀ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 800 × 525 × 60, ó lé díẹ̀ ní 25 MHz. Ìwọ wá fi 50 kà á. Jẹ́ kí káńtà rẹ, ìyẹn ohun tó ń ka àmì orí ìlà, máa sún lẹ́ẹ̀kan bí kílọ́ọ̀kì bá lù lẹ́ẹ̀mejì. Bí mítà rẹ bá ń ka Hz, fi kan ẹsẹ̀ 13 lára ihò VGA, tó ń sọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan parí sí: 31.25 kHz ló yẹ kó kọ, kì í ṣe 62.5. Ẹsẹ̀ 14, tó ń sọ ibi tí odindi àwòrán parí sí, á sún mọ́ 59.5 Hz. Kò pé 60 géérégé, àmọ́ ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ló máa gbà á.

O ò sọ̀rọ̀ rẹsísítọ̀. Bó bá jẹ́ 3.3 V ló ń jáde, fi 270 ohm sí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan. 75 ohm wà nínú mọ́nítọ̀, nǹkan bíi 0.7 V láá sì kù fún un.

Ohun kan tún wà. Bọ́ọ̀dù tí mo kọ́kọ́ ṣe níbí ní Kàbà, mi ò pa àwọ̀ ní àyè òfo yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mọ́nítọ̀ ti ń wo bí dúdú ṣe rí, ni gbogbo àwòrán bá ṣókùnkùn. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi bú jẹnẹrétọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí káńtà bá ti kọjá 639, tàbí ìlà kọjá 479, sọ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òdo.

Lẹ́yìn náà, fa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí àwòrán ká. Bí apá kan ò bá hàn, tẹ Auto lára mọ́nítọ̀. Bí kò bá ṣì hàn, tún àyè òfo ẹ̀gbẹ́ kà: àmì 16 ṣáájú ìró ẹsẹ̀ 13, 96 fún ìró náà, 48 lẹ́yìn rẹ̀.