Ẹni tó ń sá fún ìṣirò, ṣé Economics ló yẹ kó mú?

Àbúrò mi ní Ṣàgámù, o ní Economics lo fẹ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB torí pé ìwọ àti ìṣirò kì í ṣọ̀rẹ́, pé Accounting ni wọ́n ti ń ṣírò. Ta ló tàn ẹ́? Mathematics wà nínú ohun tó o máa ṣe ní JAMB fún un, WAEC rẹ sì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú rẹ̀. Ti Accounting, àròpọ̀ àti àyọkúrò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tiwa tá a ṣe Economics, calculus ni, ìṣirò bí nǹkan kan ṣe ń yí padà bí òmíràn bá yí.

Yunifásítì ìjọba ni mo ti ṣe tèmi, ojú mi rí tó. Ọdún kìíní ló máa ń tanni jẹ: demand, supply, ohun tó o ti mọ̀ láti girama. Ọdún kejì ni wọ́n gbé Lagrange, ọgbọ́n ìṣirò kan, kalẹ̀, pé ká fi wá bí èèyàn ṣe máa ná ìwọ̀nba owó ọwọ́ rẹ̀ kí ìgbádùn rẹ̀ lè pọ̀ jù. Olùkọ́ kọ lambda (λ), lẹ́tà Gíríìkì kan, sójú pátákó, ẹni tó jókòó tì mí ní ṣé y tó dojú bolẹ̀ nìyẹn. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà, kò síná, àwọn tó wà lẹ́yìn ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ kíláàsì wa kan tó ṣe Further Maths ní girama ló yọ wá. Bílẹ̀ bá ti ṣú, a ó kóra jọ sí yàrá rẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ past question sára ilẹ̀kùn, kálukú á ṣe é títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń ka ìṣirò bí ẹni ń ka ìtàn.

Ẹ̀kọ́ náà dùn ṣá o. Lọ sí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí gàrí bá wọ́n, ìyá onígàrí lè má fowó lé kóńgò. Òkìtì orí kóńgò ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ gbá kúrò. Ẹni tó bá wá kọ iye owó ọjà sílẹ̀ á ní kò yí padà! Àwọn tó ń ti Èkó wá kó o lápòlápò á ṣì rà á, torí kíkan gàrí Ìjẹ̀bú yẹn gan-an ni oníbàárà wọn ń fẹ́. Ẹni tí gàrí èyíkéyìí bá tẹ́ lọ́rùn ló máa yà sí ìsọ̀ mìíràn. Elasticity nìyẹn: bí iye tí èèyàn ń rà ṣe ń yí padà tó bí owó ọjà bá yí.

Tó bá di project àṣekágbá, inú Statistical Bulletin, ìwé ìṣirò ọrọ̀ ajé ti CBN (báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà), ni ọ̀pọ̀ ti ń kó àkọsílẹ̀, láti 1981, wọ́n á dà á sínú EViews, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Láti 1981 dé 2020, ogójì ọdún péré ni, ẹnì kan á wá to variable (ohun tó ń yí padà, bí owó ọjà) mẹ́jọ jọ lé e lórí. Mẹ́ta tó.

Kó o tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, wá ìwé Further Maths àlòkù, kó o ṣe differentiation, ìpìlẹ̀ calculus yẹn, fún oṣù kan. Tó bá ṣì ń rí ẹ lára, Political Science wà níbẹ̀, Sociology náà wà.