Kí owó ẹgbẹ́ tó dé Kailahun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi sí, ẹgbẹ́ yín ní Peckham, ní London, fẹ́ dáwó fún kànga kan àti ilé ìwòsàn kékeré kan ní agbègbè Kailahun, ní Sierra Leone. Wọ́n ní kí ẹ lọ fojú ara yín rí ibẹ̀ kí owó tó jáde, ẹ wá ń bèèrè ohun tó yẹ kí ẹ wò. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn àjọ aláàánú yẹ ìwé ìnáwó wò ní ìhà ibẹ̀, ojú mi sì ti rí nǹkan.

Oṣù tí ẹ máa lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá ni gbogbo àlejò máa ń fẹ́, torí ọ̀nà ti gbẹ, ooru kò sì tíì mú. Ṣùgbọ́n òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni nígbà náà, kànga wo ni kò ní lómi? Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan mọ èyí dáadáa. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ lásìkò òjò, omi á yára yọ, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbowó. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ẹrẹ̀ ló kù nísàlẹ̀. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ni kí ẹ lọ. Ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ jáde ní ìdájí. Bí àwọn ọmọbìnrin bá gbé garawa gba ẹ̀gbẹ́ kànga tuntun kọjá lọ sódò, ẹ ti rí èsì yín.

Ẹ tún bèèrè ẹni tó ń tún un ṣe. Rọ́bà inú ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń fọwọ́ fà máa ń gbó. Níbo ni wọ́n ti ń ra òmíràn? Èló ni ilé kọ̀ọ̀kan ń dá, ọwọ́ ta sì ni owó náà wà? Bí wọ́n bá ní àjọ ni yóò wá tún un ṣe, ẹ má fọkàn sí i.

Ní ti ilé ìwòsàn, láti oṣù kẹrin ọdún 2010 ni ìjọba ti ní kí aláboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún má sanwó mọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ má bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bi àwọn ìyá. Wọ́n á sọ iye tí wọ́n san. Kí ẹ má sì tètè bínú sí nọ́ọ̀sì náà o, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé owó oṣù ìjọba rárá, owó ọwọ́ aláìsàn ni wọ́n ń jẹ. Ilé tuntun kò lè tún ìyẹn ṣe.

Kailahun yìí gan-an ni ogun abẹ́lé Sierra Leone ti bẹ̀rẹ̀, ní Bomaru, lóṣù kẹta ọdún 1991, kò sì parí títí di oṣù kìíní ọdún 2002. Ẹni tó gbé ìbọn àti ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ jọ ń pọnmi ní ojú kan náà. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà wọn gbé ìròyìn jáde ní 2004, ó ka ìwà ìbàjẹ́ àwọn aláṣẹ, àti bí àwọn ìjòyè ìgbèríko ṣe ń ni àwọn ọ̀dọ́ lára, mọ́ okùnfà ogun náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bèèrè orúkọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ kí n tó wo bulọ́ọ̀kù. Bí alága, akápò àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilé kan náà, kí owó yín ṣì dúró.

Síbẹ̀, ẹ kò lè fo olórí ìlú dá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ yà, pẹ̀lú obì lọ́wọ́. Wọ́n á pe ìpàdé sí barray, ìyẹn gbọ̀ngán ìpàdé ìlú, gbogbo ẹnu á sì dùn. Ẹ jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá gbé wá, kí ẹ rọra wá ibi tí àwọn obìnrin ti ń sọ ọ̀rọ̀ tòótọ́ lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ má ṣèlérí kankan. "A máa gbìyànjú" pàápàá, gbèsè ni wọ́n máa kà á sí.

Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ fi ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ kún un, ẹ bèèrè ẹni tí yóò ra ọjà. Àwọn jagunjagun tó lé ní 70,000 ló kó ìbọn sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní iṣẹ́ télọ̀, káfíńtà àti aṣọ gara, ìyẹn àdìrẹ tiwọn, wọ́n sì fún wọn ní irinṣẹ́. Ìlú kékeré, télọ̀ rẹpẹtẹ! Ọjà ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ náà gbà lọ.

Ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ nígbà ogun, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí gbogbo èèyàn, ẹ fi kámẹ́rà sápò. Bí wọ́n bá sì mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, ọ̀rọ̀ ECOMOG á dìde, ìyẹn àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wá jà níbẹ̀, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan á súre fún yín, àwọn mìíràn á sọ ohun tí kò ní dùn yín gbọ́. Ẹ má jiyàn.

Mende ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀, Kissi náà wà. Ẹ má jẹ́ kí àjọ tó fẹ́ gba owó yín bá yín mú ògbufọ̀. Ẹ wá tiyín ní Kenema, ìlú ńlá tó wà nítòsí, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ fúnra yín.