Wọ́n Gé Owó Pẹ́ńṣọ̀n Wa, Ṣé Àwa Arúgbó Lè Gbà Á Padà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, Òmù-Àrán ni mò ń gbé, ó ti pẹ́ tí mo ti rítáyà. Bí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n yọ owó kan tí wọ́n máa ń fi kún pẹ́ńṣọ̀n wa, wọ́n ní ìnáwó ti pọ̀ jù, àwọn fẹ́ dín in kù. A lọ sí ọ́fíìsì tọ́rọ̀ kàn, akọ̀wé kan ní ká máa dúpẹ́ pé a ṣì ń rí èyí tó kù gbà. Àwa bí ogún fẹ́ kóra jọ, àmọ́ àwọn kan ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá rí orúkọ àwọn, wọ́n á dá gbogbo ẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ wa náà ní ká sinmi, pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti arúgbó. Ṣé ó tiẹ̀ ṣeé ṣe?
Bàbá Tíṣà, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn dùn mí wọra, ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, wọ́n wá ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá gba sàárà! Owó tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún ni, kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó jáde nílé, torí tẹ́ ẹ bá lọ bẹ̀bẹ̀ wọ́n á kàn fi ọ̀rọ̀ dídùn tù yín nínú ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá mú ìwé lọ wọ́n á wá fáìlì.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ ní apá 210 fún ẹni tó ṣiṣẹ́ ìpínlẹ̀, tíṣà àti òṣìṣẹ́ káńsù wà nínú ẹ̀, apá 173 ni ti ìjọba àpapọ̀. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì dúró tàbí kí wọ́n yí i padà lọ́nà tó máa pa ẹni tó ni ín lára, àfi ibi tí òfin bá gbà wọ́n láyè dé. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ni pé òfin wo ni wọ́n fi gé e, kí wọ́n fún yín ní kọ́pì. Apá yẹn náà ló ní kí wọ́n máa yẹ pẹ́ńṣọ̀n wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ṣe, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Owó oṣù tó kéré jù kúrò ní 18,000 náírà ó di 30,000 ní 2019, ó di 70,000 ní 2024. Ẹ gbé sìlípù yín jáde, kí ló yí padà lórí tiyín lẹ́yìn ìgbà méjèèjì? Kí kálukú kọ tiẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé yìí ṣe pàtàkì ju ariwo lọ, mo mọ̀ ọ́n nítorí bàbá mi. Níbí ní Ìlọrin, ọ́fíìsì kan sọ fún wọn pé fáìlì wọn ti sọnù, ọpẹ́lọpẹ́ páànù bísíkítì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ wà níbẹ̀, ti ìgbéga wà níbẹ̀, ti rítáyà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú páànù yẹn sórí tábìlì, ohùn àwọn èèyàn yẹn yí padà.

Pé wọn ò gbọ́ ti arúgbó, Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní July 2024 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn máa gé owó tí wọ́n fi ń ran àwọn àgbà lọ́wọ́ láti dáná yá nígbà òtútù, £200 sí £300 lọ́dún, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá tó mílíọ̀nù 10, ìdí kan náà ni wọ́n sọ, pé owó ò sí. Àwọn àgbà yẹn ò jókòó sílé, wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n ń dààmú aṣòfin àdúgbò wọn, ìbò ìbílẹ̀ dé ní May 2025, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba pàdánù ọ̀pọ̀ ìjókòó, kó tó di òpin June ìjọba ti yí ohùn padà, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju £35,000 lọ lọ́dún á tún máa gbà á. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí i gbà padà o, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ rí i. Èmi gbà pé ìbẹ̀rù ìbò ló ṣe é, ìbò 2027 sì ni tiwa.

Ẹ̀yin ogún yẹn, ẹ lọ bá ẹ̀ka NUP, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ti rítáyà, tó wà nítòsí yín, kẹ́ ẹ má dá lọ. Ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọ́fíìsì yẹn, kẹ́ ẹ fi béèrè kọ́pì òfin tí wọ́n fi gé owó yín, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, ẹni tí ò lè rìn kó tẹ̀ka nílé, ẹ má gbé aláìsàn wọ mọ́tò wá sí Ìlọrin. Kọ́pì tiyín, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Òfin FOI ti 2011, èyí tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn, Supreme Court sì ti sọ ní 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé kọ́pì yẹn lọ fún aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwara, wọn ò ju 24 lọ, ẹ mọ tiyín. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù, apá 40 ìwé òfin 1999 yẹn fún gbogbo wa láyè láti kóra jọ, ó sì ṣòro láti fìyà jẹ ogún èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé kan ju ẹnì kan lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi kú kí wọ́n tó san gírátúítì wọn. Ọmọkùnrin kan ní tí mo bá fún òun ní ìdá kan nínú mẹ́rin, òun á bá mi sáré ẹ̀. Ó ti ń bèèrè BVN mi.
Ìyá Ramota, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Màmá, Ọlọ́run á kẹ́ wọn o. Ẹ má fún un ní BVN yẹn rárá, ẹ má sì fún un ní kọ́bọ̀. Gírátúítì wọn ò bá wọn kú, ti ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ kó o mọ́ lẹ́tà rítáyà wọn àti ìwé tí wọ́n fi kọ orúkọ ẹni tó máa jogún wọn sílẹ̀, tó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà níbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti rọrùn díẹ̀ nìyẹn, tó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kóòtù lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣe fótòkópì gbogbo ẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú ọmọ yín kan dání lọ, kó máa kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá bá sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ.