Èsì: Kí ló dé tí dókítà ò fẹ́ yọ tenofovir?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní oògùn HIV ti ṣiṣẹ́ dáadáa, síbẹ̀ dókítà ò gbà láti yọ tenofovir, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, kúrò. Hepatitis B tó wà lára yín, ìyẹn kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ló ń rò. Tenofovir ló di kòkòrò méjèèjì, ti HIV àti ti hepatitis B, mú. Bí ẹ bá ṣàdédé dá a dúró, ti inú ẹ̀dọ̀ lè ru sókè: ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bí omi tíì, ó sì lè gbẹ̀mí èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Lamivudine, oògùn mìíràn tó ń bá kòkòrò méjèèjì jà, kò tó lóun nìkan, torí kòkòrò hepatitis B máa ń borí rẹ̀ tó bá yá. Ti hepatitis C, kòkòrò ẹ̀dọ̀ mìíràn, ló yàtọ̀, inú mi sì ń dùn sí i: oògùn ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn, àní àwọn tó ní HIV pàápàá.